Ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín ní Ìlú Ọba

Ọdún méjì ni mo fi wakọ̀ pín ẹrù ní Ìlú Ọba kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà nínú oṣù Kejìlá tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Aago 5 kò tíì lù, ilẹ̀ ti ṣú dùdù, ẹrù tó kù lẹ́yìn ọkọ̀ mi sì lé ní 40. Mo tẹ aago ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì gan-an. Mo kan ilẹ̀kùn, mo tún kàn án, ẹnikẹ́ni kò jáde. Ẹni tó rajà ti kọ ọ́ pé kí n fi í síbi tó pamọ́, bẹ́ẹ̀ kò síbi tó pamọ́ níbẹ̀ àfi bíìnì aláwọ̀ búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbé páálí náà sínú bíìnì, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ káńsù wá kó bíìnì àdúgbò yẹn dànù. Bàtà iléèwé ọmọ kékeré ló wà nínú páálí náà.

Mo jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí: bí ẹrù bá sọnù lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn ta ló wà? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, yálà ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ẹrù ni o, tàbí ẹ̀yin lẹ máa gbé e fún èèyàn.

Lójú òfin, ọrùn ẹni tó ta ọjà ló wà. Consumer Rights Act 2015, abala 29, sọ pé ọjà tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò ṣì wà ní ìkáwọ́ ewu oníṣòwò náà títí yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, tàbí títí yóò fi tẹ ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín yàn láti gbà á lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ọwọ́. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá ní kí ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá, ẹ má gbà. Òun ló gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ̀yin kọ́. Òun ni kó lọ bá wọn wí. Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò tí awakọ̀ yà pa yín lẹ́nu mọ́: ibi tí awakọ̀ gbé páálí kalẹ̀ sí nìkan ló ń fi hàn, kò fi hàn pé ẹ ti gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan lásán tó ń ta ohun tó ti lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á, abala yìí kò dé ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń fọwọ́ ara wa ṣera wa nìyí. Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ “safe place” sí, ìyẹn ibi tó pamọ́, tàbí “leave with neighbour”, ìyẹn kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí ẹ bá yan ìyẹn, tí awakọ̀ sì gbé ẹrù sí ibi tí ẹ júwe gan-an, wọ́n máa kà á sí pé ó ti dé ọwọ́ yín. Bí olè bá wá gbé e lẹ́yìn náà, ó ṣòro kí ẹ tó rí nǹkan gbà lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìnkùlé tí géètì rẹ̀ ṣeé tì lè yàn án. Àmọ́ bó bá jẹ́ yàrá kan lẹ gbà nínú ilé tí èèyàn mẹ́fà jọ ń gbé, tàbí fúláàtì tí gbogbo ayé ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yàn án. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí lọ́kà tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ń gba ẹrù sílẹ̀. Kóòdù tí wọ́n fi sórí fóònù yín lẹ máa fi gbà á, kí ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, torí wọ́n á dá a padà.

Àdírẹ́ẹ̀sì tó pé náà ń gba ẹrù là ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nọ́ńbà fúláàtì, àjà tó wà, bọ́tìnnì tí wọ́n máa tẹ̀, nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé. Àìmọye ìgbà ni mo ti dúró níwájú ilé alájà gíga, tí bọ́tìnnì aago kún ara ògiri bí eyín, tí ohun tí wọ́n kọ sára páálí kò sì ju orúkọ ilé àti póòsìkóòdù lọ. Ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ nílẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá.

Ní ti Royal Mail, ilé-iṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà àti ẹrù, wọ́n lè gbé ẹrù fún aládùúgbò bí ẹ ò bá sí nílé, wọ́n á sì ju káàdì sílé láti sọ ibi tó wà. Bí wọ́n bá gbé e padà sí ọ́fíìsì wọn, ọjọ́ 18 ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú káàdì náà àti ìwé ìdánimọ̀ lọ. Bí ẹrù tàbí lẹ́tà ẹlòmíì bá sì ṣì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má tú u. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ṣì í gbé wá, tó sì ṣí i láti pa ẹlòmíì lára láìnídìí gidi, ti ṣẹ̀ sí Postal Services Act 2000.

Bí tiyín bá sọnù, ẹ wo fọ́tò, ẹ bi ará ilé ọ̀tún àti òsì, kí ẹ sì kọ̀wé sí oníṣòwò lọ́jọ́ náà gan-an. Kíkọ ni mo wí, kì í ṣe pípè, kí ẹ̀rí lè wà. Ẹ dárúkọ abala 29, ẹ ní kó fi òmíràn ránṣẹ́ tàbí kó dá owó padà. Bó bá kọ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ báńkì lọ. Bó bá jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì lẹ fi rà á, tí owó ọjà náà ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000, abala 75 nínú Consumer Credit Act 1974 mú báńkì náà mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ dẹ́bíìtì káàdì, “chargeback” lẹ máa béèrè, ìyẹn kí báńkì bá yín gba owó náà padà lọ́wọ́ oníṣòwò, kí ẹ má sì fi falẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Citizens Advice, ẹgbẹ́ aláàánú kan, máa ń gbani nímọ̀ràn.

Ó wá kan ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ náà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba kéèyàn dá iṣẹ́ ṣe fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìpín-ẹrù ló jẹ́ pé ẹni tó dá dúró ni wọ́n kà yín sí, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Wákàtí 20 tí wọ́n fún yín lọ́sẹ̀ kò yí ìyẹn padà. Ẹ má yá àkáǹtì tí ẹlòmíì fi ń ṣiṣẹ́ ìpín-ẹrù lò, ó lè ná yín ní físà yín. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ lásán kò sì bo ẹrù tí ẹ ń gbé gbowó. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní “hire and reward”, tó wà fún ẹni tó ń gbé ẹrù gbowó.

Ìṣòro tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo mọ̀ ọ́n lára. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, iye ẹrù tí mo bá pín ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Èyí tí mo bá gbé padà, mo ti jó epo lórí rẹ̀ lásán, mo tún máa gbé e lọ́la. Fóònù ń ka ìṣẹ́jú mọ́ mi lórí. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ tó sọnù, èmi náà ni wọ́n máa pè wá jẹ́jọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ìyà tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà pé ọ̀lẹ ni gbogbo awakọ̀ tó gbé páálí sínú òjò.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, mo fi nǹkan mẹ́ta há ara mi lórí. Ṣé ẹni tó ń kọjá lójú títì lè rí i? Ṣé òjò lè dé ibẹ̀? Ṣé inú bíìnì ni? Bí mo bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, mi ò ní fi í sílẹ̀, ohun yòówù tí oníbàárà ìbáà kọ. Mo máa kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kan sí méjì. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, mo máa ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà náà bó ṣe rí, mo máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé kò síbi tó pamọ́, mo máa ju káàdì sílé, kí n gbé ẹrù padà sí ibùdó. Fọ́tò yẹn gbà mí lọ́wọ́ ẹjọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kejìlá yẹn, iná ń tàn nínú ilé tó tẹ̀ lé ti ọlọ́mọ náà. Mo rí i. Mi ò kan ilẹ̀kùn wọn.