Bí a ṣe gba ọjọ́ 34 kún àkókò iṣẹ́ láìdé iwájú adájọ́

Ó ti pé ọjọ́ 19 tí wọ́n ti rí nǹkan náà lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó pè mí sí i. Ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí katakátá kan ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kan: kọnkéré gbọọrọ, tó nípọn, tí irin kún inú rẹ̀, tí kò sì sí nínú púláànù kankan. Iṣẹ́ dúró ní igun yẹn títí wọ́n fi rí ẹ̀rọ tí yóò fọ́ ọ. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà mí. Ó fẹ́ kí n bá òun ṣe kíléèmù, ìyẹn ni pé kí n kó ẹ̀rí jọ, kí n ṣírò ọjọ́ tó sọnù, kí n sì bá òun bèèrè fún àfikún àkókò àti owó tí òun ná.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ọ̀gá sáìtì ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kọ ìwé?” Wọ́n ní àwọn ti fi tó ẹnjiníà, ẹni tí oníṣẹ́ (ìyẹn ẹni tó ni ilé) yàn láti bójú tó àdéhùn, létí láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n sì fi hàn mí lórí WhatsApp: fọ́tò mẹ́rin àti gbólóhùn kan, “Ẹ wo ohun tí a rí o.” Ẹnjiníà fèsì pé òun ti rí i, ó sì wá yẹ ibẹ̀ wò kí ọjọ́ 7 tí àdéhùn fún un tó pé. Lójú Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìwé pupa FIDIC ti ọdún 2017 ni àdéhùn iṣẹ́ náà. FIDIC ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ẹnjiníà olùdámọ̀ràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913. Nínú ìwé yẹn, abala 4.12 ló ní ká sọ fún ẹnjiníà bí a bá bá ohun tí a kò retí pàdé nínú ilẹ̀. Abala 20.2 ló sọ bí a ṣe ń bèèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èkejì yìí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹnjiníà láàárín ọjọ́ 28 tí agbaṣẹ́ṣe mọ̀, tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tó pe ara rẹ̀ ní ìfitónilétí. Bí ọjọ́ 28 bá kọjá láìsí ìwé, ẹ̀tọ́ náà lè wọmi, bó ti wù kó tọ́ tó. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; lábẹ́ àdéhùn yìí, tara ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù nìkan náà lè bá a dákẹ́.

Ọjọ́ 9 ló kù. Mo kọ ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Kò ju ìdajì ojú ewé lọ: ọjọ́ tí wọ́n rí kọnkéré náà, igun tó wà, nọ́ńbà abala àdéhùn, àti pé a óò bèèrè fún àkókò àti owó. N kò kọ iye kankan sí i, nítorí ọjọ́ 84 ni àdéhùn fúnni láti kó àlàyé kíkún wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a mú un lọ sí ọ́fíìsì ẹnjiníà, wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa pé àwọn ti gbà á. Ọkàn mi wá balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rí ló kù. Ibi tí mo ti rí ìṣúra ni ìwé kan tó ti ya lẹ́yìn, tí amọ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, tí fọ́máànù máa ń kì sínú àpò. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ojú ewé kan kà báyìí: “Katakátá dúró láti aago 8 sí 11. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Òṣìṣẹ́ 14. Òjò kò rọ̀.” Ẹ wò ó dáadáa: ìlà yẹn gbè wá, ó sì tún takò wá, torí pé láti aago 11 lọ, katakátá náà ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Síbẹ̀ inú mi dùn. Ìwé tó lè sọ òótọ́ nípa ẹni tó ni ín, bó bá gbè é lọ́la, wọ́n á gbà á gbọ́.

Ọjọ́ 61 ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bèèrè fún, láti ọjọ́ tí wọ́n kan kọnkéré títí di ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní igun yẹn. Ìṣirò yẹn kò lè dúró. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tó bá dúró ló ń sún ọjọ́ ìparí síwájú. Ó di ìgbà tí iṣẹ́ mìíràn bá ń dúró dè é, tí òmíràn sì tún ń dúró de ìyẹn, títí dé òpin. Mo mú àtẹ iṣẹ́ bó ṣe wà ní ọjọ́ tó ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, mo fi iṣẹ́ fífọ́ kọnkéré há a láàárín, mo wá wo ibi tí ọjọ́ ìparí sún lọ. Irú ìṣirò yìí wà nínú ìlànà tí Society of Construction Law, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí òfin iṣẹ́ ìkọ́lé, tún gbé jáde ní 2017. Ọjọ́ 38 ló bọ́ sí.

Nínú 38 yẹn náà, ọjọ́ 6 wà tí irin tiwa kò tíì dé sáìtì. Bí kọnkéré kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, a ò bá má rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gedegbe pé àkókò nìkan la ń bèèrè fún ọjọ́ 6 yìí, pé a kò ní gba owó lórí wọn. Mo sì yọ èrè tí wọ́n ti fi kún owó náà kúrò, torí pé abala 4.12 kò fúnni ju ohun tí a ná lọ. Ẹ̀gbọ́n bínú gidigidi. “Àbúrò, ṣé tiwa lò ń ṣe ni, àbí tiwọn?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, tiwa ni. Àwọn náà máa rí ọjọ́ 6 yẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwa la fi hàn wọ́n.” Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n buwọ́ lù ú.

Ẹnjiníà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ ti sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n da erùpẹ̀ kún ni, pé agbaṣẹ́ṣe tó bá ní ìrírí ì bá ti fura. Mo mú abala ìwé kan, mo ya ihò 6 tí wọ́n gbẹ́ fún àyẹ̀wò náà sí i, mo wá fi ìlà pupa ya ìpìlẹ̀ àtijọ́ náà. Kò sí ihò kan tó súnmọ́ ìlà pupa. Ohun tí àdéhùn sì ní ká wò ni ohun tí agbaṣẹ́ṣe tó ní ìrírí lè rí tẹ́lẹ̀ títí di ọjọ́ 28 ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ìdíje iṣẹ́ kẹ́yìn. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kéèyàn retí yanrìn àti àlòkù bíríkì. Kò lè mú un retí kọnkéré onírin. Ẹnjiníà wo ìwé náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó,” ló wí.

Abala 3.7 fún un ní ọjọ́ 42 láti bá àwa àti oníṣẹ́ wá ìrẹ́pọ̀, ó sì ní kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la jókòó. Ní ìjókòó kejì, ó ṣí ìwé fọ́máànù fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ tí ń fọ́ kọnkéré ti dé, ó sì dúró lásán fún ọjọ́ 4 torí pé awakọ̀ rẹ̀ kò tíì wá. Kò sí ohun tí mo lè sọ sí i. A yọ 4 náà, ó ku 34.

A lè máa jà lórí 4 yẹn. Bí a bá kọ̀, ọjọ́ 42 mìíràn ni ẹnjiníà ní láti fi pinnu. Ọjọ́ 28 fún ẹni tí ìpinnu náà kò bá tẹ́ lọ́rùn láti wí tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń yanjú aáwọ̀ ní ọjọ́ 84. Lẹ́yìn náà ọjọ́ 28 mìíràn fún ìlàjà, kí a tó dé iwájú onídàájọ́ àdáni. Nígbà yẹn ilé á ti parí, a ò sì ní lè wo ojú ara wa. A kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ àjà méjì ṣì kù tí a ní láti jọ kọ́. Agbaṣẹ́ṣe àti oníṣẹ́ fọwọ́ sí ọjọ́ 34, pẹ̀lú owó ọjọ́ 28.

Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, púláànù àjà kejì pẹ́ kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. “Àbúrò, mo ti kọ ọ́. Mo ti pè é ní ìfitónilétí lókè gàdàgbà. Nọ́ńbà abala àdéhùn nìkan ni kí o bá mi wò.”