Bí mo ṣe fi àwọn atẹ-píánò inú ìdíje Chopin wé ara wọn

Èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa ní Ṣàgámù, àríyànjiyàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ó sì gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Ìdíje píánò ni ìdíje Chopin, ní Warsaw ní Póláǹdì; orin tí Chopin, ọmọ Póláǹdì, kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Ní àṣekágbá, olùdíje máa ń yan ọ̀kan nínú kọnṣẹ́tò méjì tí ó kọ, ìyẹn orin gígùn fún píánò àti ẹgbẹ́ onílù-òun-fèrè: ọ̀kan wà ní ohùn E minor, èkejì ní F minor. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé olùdíje tí ó bá yan kọnṣẹ́tò Chopin tí ó wà ní F minor ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje Warsaw, nítorí pé E minor ni àwọn tí ó ń borí máa ń tẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Mo fa ìlà sínú ìwé kan: orúkọ olùdíje, iṣẹ́ tí ó yàn, ohun tí mo gbọ́. Ìdíje 2021 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì da ojú fóònù délẹ̀, nítorí pé ojú máa ń tan etí jẹ. Níbi tí mo ti ń gbọ́ kọnṣẹ́tò F minor kan, mo gbọ́ ohùn tí ó ń kùn lábẹ́ píánò, mo sì rò pé ìyàwó mi ni ó ń kọrin ní ìdáná. Ìgbà tí mo ṣí fóònù ni mo rí i pé Martin Garcia Garcia, ọmọ Spéìnì, fúnra rẹ̀ ni ó ń kọrin mọ́ ohun tí ó ń tẹ̀. Ipò kẹta ni ó gbà, ó sì tún gba ẹ̀bùn ẹni tí ó tẹ kọnṣẹ́tò dáradára jù lọ.

Bruce Liu ọmọ Kánádà, tí ó gba ipò kìn-ín-ní, tẹ E minor, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti borí. Iṣẹ́ tí Chopin kọ lórí orin Mozart nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17 ni ó gbé wá ṣáájú àṣekágbá, iṣẹ́ tí olùdíje kì í sábà yàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ó ń ṣe àwàdà pẹ̀lú ọ̀rẹ́.

Mazurka ni ó gba àkókò mi jù. Ijó àwọn ará Póláǹdì ni, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ sábà máa ń wúwo lórí èkejì tàbí ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ gbọọrọ bí orin ìsìn dà bí àlejò tí ó ń fi ohùn ìwé sọ Rẹ́mọ láàárín ọjà. Jakub Kuszlik, ọmọ Póláǹdì, ni ó gba ẹ̀bùn mazurka. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu.

Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa yẹn kò kúkú parọ́: láti 1985 títí dé 2021, E minor ni gbogbo ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní tẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni ọ̀pọ̀ olùdíje ń yàn. Bí èrò mẹ́wàá bá wọ ọkọ̀ kan lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí méjì wọ òmíràn, inú ọkọ̀ wo ni ẹni tí ó máa gba ẹ̀bùn yóò ti sábà sọ̀ kalẹ̀? Ní 2025, Eric Lu ọmọ Amẹ́ríkà tẹ F minor, ó sì borí.

Mo gbé ìwé náà fún ọmọ náà ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ó kà á, ó ní ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ní Dang Thai Son, ọmọ Vietnam tí òun náà tẹ F minor tí ó sì borí ní 1980, ńkọ́?