Ìrírí mi: Ohun tí mo tún ṣe àti ohun tí mo fi sílẹ̀ kí n tó ta Corolla mi

Nígbà tí mo sọ fún mẹkáníìkì mi pé mo fẹ́ ta Corolla 2005 mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká tún gbogbo ẹ̀ ṣe kó lè mú owó gidi wọlé." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì ti kú, nǹkan kan ń dún lábẹ́ mọ́tò, AC ò tutù, iná check engine ń tàn, ọlọ́kadà kan sì ti ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Nígbà tó fi máa ṣírò ẹ̀ tán, pẹ̀lú ọ̀dà, owó náà ti lé ní ₦600,000. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ ò ní sọ pé kí iṣẹ́ má wá.

Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo lọ wádìí iye tí mọ́tò náà lè pa bó ṣe wà yẹn. Mo wo iye tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì gbé e lọ bá àwọn tó ń ta mọ́tò n'Ìbàdàn níbí. Ẹnìkan ní òun á san ₦2.9 mílíọ̀nù, èkejì ní ₦3 mílíọ̀nù. Mo wá bi wọ́n pé, tí kò bá ní àléébù kankan ńkọ́? Wọ́n ní ₦3.5 mílíọ̀nù, tó bá pọ̀ tán. Tí mo bá wá ṣe gbogbo ohun tí mẹkáníìkì kà sílẹ̀, àpò ẹlòmíì ni mò ń kówó sí.

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan lẹ́nu àwọn ọlọ́jà yẹn. Kò sẹ́ni tó kọminú nípa ṣọ́ọ̀kì nínú wọn. Check engine ni wọ́n ń nàka sí. Wọ́n mọ iye tí ṣọ́ọ̀kì jẹ́ ní ọjà Aráròmí ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Wọ́n á yọ iye ẹ̀ kúrò nínú owó, ó parí. Iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọn ò mọ ìdí ẹ̀, ẹni tí ò bá sì mọ ìdí nǹkan, ẹ́ńjìnnì ló máa rò ó sí, á wá já owó lulẹ̀ pátápátá. Bí mo ṣe pinnu nìyẹn: ohun tí ẹ̀rù ẹ̀ bá ju owó ẹ̀ lọ, màá tún un ṣe. Èyí tí oníbàárà lè ṣírò fúnra ẹ̀, kó máa ṣírò ẹ̀ lọ.

Mo gbé mọ́tò lọ bá ríwáyà kan tó ní síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù inú kọ̀ǹpútà mọ́tò. Kóòdù P0171 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọ ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun lè pa iná yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ₦3,000 péré. Mo ní ó tì o. Tí wọ́n bá kàn pa á rẹ́ láìtún nǹkan kan ṣe, á tún padà tàn; ẹni tó bá sì gbé síkánà tiẹ̀ wá á rí i pé kọ̀ǹpútà mọ́tò ò tíì parí àyẹ̀wò ara ẹ̀, á mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni. Ó wá tú sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó máa ń wọn atẹ́gùn, tó wà lára páìpù tó jáde láti ilé fílítà. Wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀ ti dúdú, eruku ti dì mọ́ ọn. Ó fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ sí i, kò fọwọ́ kàn án, kò faṣọ nù ún, ó dúró títí ó fi gbẹ. Rọ́bà atẹ́gùn kan tún ti sán. A pààrọ̀ òun àti fílítà. Gbogbo ẹ̀ ò tó ₦30,000. Mo wà á lọ sí Ọ̀yọ́, mo wà á bọ̀, iná ò tàn mọ́.

Oní-AC ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló kú. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Ó da ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ páìpù, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Rọ́bà róbótó kékeré kan ni, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó fa gáàsì R134a sí i, AC tutù. Ohun tó ń dún lábẹ́ mọ́tò, linkage ni, irin kékeré kan nídìí ẹsẹ̀ mọ́tò. Ìyẹn náà ò wọ́n.

Ọ̀dà nìkan ló dá wàhálà sílẹ̀. Panẹbítà fẹ́ kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní ojú ni wọ́n fi ń ra mọ́tò. Mo kọ̀. Mọ́tò tí wọn ò kùn rí, tí àwa ń pè ní first body, iyì ẹ̀ pọ̀ lọ́jà wa. Ẹni tó bá gbọ́n á fìka kan ara ẹ̀ bóyá fíllà, ìyẹn ohun tí panẹbítà fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀, wà níbẹ̀, á wo etí rọ́bà ilẹ̀kùn bóyá ọ̀dà ta sí i. Tó bá ti rí ọ̀dà tuntun, jàǹbá ló máa bọ́ sí i lọ́kàn. Ilẹ̀kùn tó ha kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fọ mọ́tò náà dáadáa, tinú tòde, mo fi mọ bẹ́ẹ̀.

Pépà ni mo tún náwó sí. Mo sọ láísẹ́ǹsì mọ́tò dọ̀tun, mo sì san ìnṣọ́ránsì third party, tó ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023.

Ọkùnrin tó padà rà á mú mẹkáníìkì tiẹ̀ wá láàárọ̀ kùtù. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ má tan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó dé. Lóòótọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mẹkáníìkì náà kọ́kọ́ fọwọ́ bà, kó lè mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná ṣáájú lè fi ariwo àti èéfín àárọ̀ pamọ́. Kí wọ́n tó wà á jáde ni mo ti ní, "Ẹ gbọ́ o, ṣọ́ọ̀kì iwájú ti kú." Ó ní kí n yọ ₦150,000. A ná an títí ó fi di ₦90,000. ₦3.25 mílíọ̀nù ló san níkẹyìn; ohun tí mo ná, pẹ̀lú pépà, bíi ₦110,000 ni.

Ìgbà tí alert wọlé ni mo tó kó pépà kọ́sítọ́ọ̀mù fún un. A jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti ilẹ̀kùn tó ha sí, mo gba ẹ̀dà NIN ẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè lọ yí orúkọ padà, kó má lọ jẹ́ pé tó bá rúfin lójú pópó, èmi ni wọ́n á máa wá kiri.