Ọmọ tuntun ní jẹ́léósinmi: bí mo ṣe ṣètò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ní ọ̀pọ̀ jẹ́léósinmi, ńṣe ni ìyá máa ń gbé ọmọ lé Àǹtí lọ́wọ́, tí Àǹtí á fi bísíkíìtì tàn án, tí ìyá á sì yọ́ jáde. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fagi lé. Ọmọ tó ti tó nǹkan bí oṣù 8 ti mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò, àmọ́ kò tíì dá a lójú pé ẹni tó jáde ń padà bọ̀. Tí wọ́n bá fi yíyọ́ lọ mọ́ ọn lára, kò ní ṣeré mọ́, oúnjẹ kò ní wọ̀ ọ́ lọ́fun, ilẹ̀kùn láá máa ṣọ́.

Ìlú Berlin ní Jámánì ni wọ́n ti gbé ètò tí mo tẹ̀ lé kalẹ̀ láwọn ọdún 1980. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ìyá á bá ọmọ jókòó nínú yàrá fún nǹkan bíi wákàtí 1, wọ́n á sì jọ padà sílé. Kó jókòó sójú kan, kó má ti ọmọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Àǹtí ni kó máa fi ohun ìṣeré sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 4, ìyá á dágbére, á sì jáde, ṣùgbọ́n kò ní kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí Àǹtí bá rẹ ọmọ lẹ́kún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyá lè wà níta tó ìṣẹ́jú 30. Tí ẹkún bá ń le sí i, kó wọlé kíákíá. Ọmọ yẹn nílò ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ má fi ìpínyà àkọ́kọ́ sí ọjọ́ Ajé, torí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá tó ti wọṣẹ́ padà kì í ráyè èyí, torí náà mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ìsinmi ìbímọ tó parí. Bàbá tàbí ìyá àgbà lè rọ́pò, àmọ́ ẹnì kan náà ni kó máa wá.

Ìdágbére kò gbọ́dọ̀ gùn: "Tóo bá jẹun tán, tóo sùn, tóo jí, màá dé." Ọmọdé kò mọ aago 4, ó mọ oúnjẹ àti oorun.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù lójú mi ni ọ̀já. Kí ìyá mú èyí tó fi ń pọn ọmọ wá láìfọ̀, kí òórùn ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òun ni Àǹtí á fi pọ̀n ọ́n. Mo tún máa ń bèèrè oríkì ọmọ, ìbáà ṣe Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, kí Àǹtí máa fi kì í. Tí oorun bá gbé e lọ, ẹ mú ọ̀já kúrò níbi tí ẹ tẹ́ ọmọ sí, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1: aṣọ tó bo imú lè sé e léèmí.

Àǹtí gan-an ni ètò yìí rọ̀ mọ́. Ọmọ tuntun 1 péré ni mò ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ẹkún láti aago 7 di ọ̀sán láìsinmi, ohùn rẹ̀ á le, ọwọ́ rẹ̀ náà á le, ọmọ á sì mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kó lọ sinmi fún ìṣẹ́jú 15 níbi tí kò ti ní gbọ́ ẹkún rárá. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí kejì mọ ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá ṣàìsàn.

Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọ tó jókòó sí igun, tí kò jẹ, tí kò wá ẹnikẹ́ni, ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń ké lọ. Ọmọ tára rẹ̀ ti balẹ̀ á máa jẹ, á máa sùn, tó bá sì ṣubú, Àǹtí ló máa sá bá. Èyí tí kò jẹ, tó sì ń rù, ẹ ní kí ìyá gbé e lọ sílé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó pè é ní àárò ìyá.