Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Fáìlì Kọ̀ǹpútà Yín Pamọ́ Sórí Hard Disk Alágbèéká

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹrù yín ṣe tó. Ẹ wọ C:\Users, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fóódà tó ń jẹ́ orúkọ yín, ẹ yan Properties. Bí Size bá jẹ́ 200GB, ẹ ra hard disk 500GB, torí ńṣe ni fáìlì ń pọ̀ sí i.

Ẹ má fi fìláàṣì ṣe ibi ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Iná tín-ín-tín tó há sínú rẹ̀ ló di dátà mú, ó sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá jù ú sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ayédèrú rẹ̀ tún wà lọ́jà: 1TB ni wọ́n kọ sí i lára, 32GB ló wà nínú. Ètò H2testw, ọ̀fẹ́ ni, ló ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí hard disk ṣì ṣófo, ẹ fi exFAT, ìyẹn ọ̀nà kan tí dísíìkì ń gbà to fáìlì, ṣe format rẹ̀. FAT32, ọ̀nà àtijọ́, kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4GB, ìdí nìyẹn tí fídíò ìgbéyàwó fi ń kọ̀ tí kò wọlé nígbà tí àyè ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ ti Word àti Outlook, torí fáìlì tó bá wà ní ṣíṣí lè má ṣeé kó. Ẹ ki ṣájà bọ laptop. Ẹ ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows), ẹ tẹ àṣẹ robocopy yìí, tó ń kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn, kí ẹ fi orúkọ yín rọ́pò Bola, kí ẹ sì fi lẹ́tà hard disk yín rọ́pò E:

robocopy "C:\Users\Bola\Documents" "E:\Documents" /E /XJ /FFT /R:2 /W:5 /LOG:E:\akosile.txt

/E ló ń kó fóódà inú fóódà. /XJ ń fo fóódà àbùjá tó kàn ń tọ́ka síbòmíràn, /FFT ń fojú fo ìyàtọ̀ kékeré nínú àkókò fáìlì, /LOG sì ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ sínú akosile.txt. /R:2 àti /W:5 ṣe pàtàkì gan-an: bí fáìlì kan bá kọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò tún gbìyànjú, ìṣẹ́jú àáyá 5 láàárín wọn. Láìsí wọn, ìgbà mílíọ̀nù kan ni robocopy máa ń gbìyànjú, ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín, ilẹ̀ á sì mọ́ bá yín lórí fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ má fi /MIR kún un o! Ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, yóò pa á rẹ́ lórí hard disk pẹ̀lú.

Bí OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wo C:\Users\Bola\OneDrive, ó ṣeé ṣe kí Documents àti Desktop ti kó lọ síbẹ̀; bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú àṣẹ náà.

Tó bá parí, ẹ ṣí akosile.txt, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá. 0 ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ FAILED. Bí kì í bá ṣe 0, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà ERROR, ẹ óò rí orúkọ fáìlì tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Documents nìkan ni àṣẹ yẹn kó; ẹ tún un tẹ̀ fún Pictures, Videos àti Desktop, kí ẹ fi orúkọ fóódà kọ̀ọ̀kan rọ́pò Documents níbi méjèèjì.

Ẹ yan Safely Remove Hardware kí ẹ tó yọ ọ́, torí kọ̀ǹpútà lè ṣì máa kọ nǹkan sí i lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí fọ́tò bíi mẹ́ta, ẹ sì sáré fídíò kan dé òpin rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, nítorí ransomware, ètò burúkú tí àwọn ọ̀daràn fi ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, máa ń ti gbogbo ohun tó bá bá lórí ẹ̀rọ pa. Ilé mìíràn ni kí ẹ gbé e sí.

Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ tún àṣẹ yẹn tẹ̀. Fáìlì tuntun àti èyí tó yí padà nìkan ni yóò kó, kò ní pẹ́ tó ti àkọ́kọ́.