Sìmẹ́ǹtì lásìkò òjò

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to àpò sìmẹ́ǹtì sórí ilẹ̀ lásán. Ọ̀rinrin ilẹ̀ máa ń gba ìsàlẹ̀ wọnú àpò. Àpò 6 ló dì gbagidi mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, ó dùn mí gan-an. Ẹ tẹ́ pákó sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bò ó. Àpò 10 lórí ara wọn ti tó. Èyí tó pẹ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí ẹ bá rí kókó tí ìka ò lè fọ́, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sí òpó, kódà bó bá ní òun á gún un.