Bí òṣìṣẹ́ ò ṣe ní máa fi ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀

Èmi ni mò ń bójú tó òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Idu, l'Ábùjá. Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń lé wọn lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹni tó ń ti Nyanya wá ń ṣiṣẹ́ fún onímọ́tò ni. Ẹ wá bọ́ọ̀sì tí yóò máa kó wọn, kódà kó jẹ́ àlòkù.

Ẹ má fi owó oṣù falẹ̀. Bí iye òṣìṣẹ́ yín bá ti pé 25, òfin ní ó kéré tán, ₦70,000 lóṣù.

Ẹ fi àyè ìrun Jímọ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ, ẹ bi í léèrè ìdí, àmọ́ kó má jẹ́ níṣojú ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ ọn o!